Lẹ́yìn Ọjọ́ Ìdúpẹ́: Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Lára Ẹni Tí Àrùn Jẹjẹrẹ Kò Pa

Àwọn àgbà Yorùbá ní, bí ikú tí ì bá pani bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ni ó yẹ kí á dú. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, a sì ti rí i tí ó ń ṣẹ láàárín wa lọ́pọ̀ ìgbà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìlíṣàn dé Ìṣarà. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé jẹjẹrẹ ni ó ń ṣe é a gba iṣẹ́ abẹ, a gba oògùn kẹ́mò, irun orí a re, èékánná a dúdú, ara a gbẹ. Nígbà tí ó bá yá, dókítà a ní àwọn kò rí àrùn náà mọ́. Ẹbí a dá aṣọ, ìjọ a lu ìlù, ẹni náà a jó wọ inú ilé Ọlọ́run. Lẹ́yìn oúnjẹ, oníkálukú a padà sí ilé rẹ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: ẹni tí ikú ṣí ní fìlà ńkọ́? Ní ọjọ́ kejì ìdúpẹ́, tí orí rẹ̀ ṣì wà ní gbangba, ta ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ohun tí ojú wa rí

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ́fíìsì wa tẹ ìròyìn ìdúpẹ́ obìnrin kan jáde, oníṣòwò obì ní Ṣágámù, ẹni tí wọ́n gé ọyàn rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ. A kì yóò dárúkọ rẹ̀. Àwa ni a ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ osùn, àwa náà ni a sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ìbànújẹ́ ti di ayọ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, a lọ sí ilé rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́ kí ó wá jẹ́rìí níbi ìpàdé àwọn obìnrin. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n gbogbo fèrèsé ni ó wà ní títì. Apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀ wà ní igun yàrá, kòkòrò sì ti ń jẹ obì inú rẹ̀.

Ó kí wa, ó fún wa ní ìjókòó. Nígbà tí a sọ ohun tí a bá wá, ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni ó sọ fún wa pé òun kò mọ ẹ̀rí tí òun yóò jẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ pé ara òun ti yá ni òun kò ti rí ìdí tí òun fi ń jí ní òwúrọ̀. Ó ní ojú ń ti òun láti sọ ọ́, nítorí pé nínú àwọn tí àwọn jọ ń gba oògùn ní ilé ìwòsàn, àwọn kan ti lọ. Ta ni òun, tí òun ṣẹ́kù, tí òun yóò wá máa ráhùn?

A padà sí ọ́fíìsì wa pẹ̀lú ìtìjú. A ti gbé ayọ̀ rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé rí, ṣùgbọ́n a kò padà lọ wò ó. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, àwa gan-an wà lára àwọn tí ó pa á lẹ́nu mọ́, nítorí ẹni tí a ti kọ̀wé pé ayọ̀ rẹ̀ kún, báwo ni yóò ṣe tún jáde wá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Wòlíì tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́gun

Ẹni tí ó bá ka ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Èlíjà ṣẹ́gun lórí òkè Kámẹ́lì, gbogbo ènìyàn sì rí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́gun ńlá yìí ni ó sá wọ aginjù, tí ó jókòó sábẹ́ igi, tí ó sì tọrọ ikú. Ẹ kíyè sí ohun tí áńgẹ́lì ṣe. Kò bá a wí, kò sì rán an létí iná tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní àná. Oúnjẹ àti omi ni ó gbé fún un, ó jẹ́ kí ó tún sùn, ó sì tún bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ara rẹ̀ gbé e ni Ọlọ́run tó béèrè ohun tí ó ń ṣe é, tí ó sì fetí sí ìráhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tuntun dé, pẹ̀lú ẹnìkejì tí yóò bá a ṣe é.

Ara ṣáájú, ìfetísílẹ̀ tẹ̀lé e, iṣẹ́ tí ó ní ìtumọ̀ sì gbẹ̀yìn. Ètò yìí bá ohun tí àwọn oníṣègùn òde òní ń sọ mu, òun náà ni a ó sì tẹ̀ lé.

Kí ni a ń pè ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn?

Àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2022, àwọn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lé ní 127,000, àwọn tí ó sì pa lé ní 79,000. Jẹjẹrẹ ọyàn ni ó pọ̀ jù láàárín àwọn obìnrin, ti ẹṣẹ́ prostate sì ni láàárín àwọn ọkùnrin. Iye àwọn tí ó ń kú ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn tí ó yè kò kéré, wọ́n wà ní ọjà, wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ọjọ́ ìsinmi.

Ìbànújẹ́ lásán yàtọ̀ sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí a ń sọ yìí. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ṣì lè rẹ́rìn-ín bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá wọlé. Ohun méjì ni dókítà máa ń kọ́kọ́ wò: bóyá ọkàn ẹni náà wúwo fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wákàtí ojúmọ́, àti bóyá ohun tí ó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, tí àìsùn, àìjẹun, àárẹ̀, dídá ara ẹni lẹ́bi, àìlè pọkàn pọ̀ tàbí èrò ikú sì bá a rìn, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn. Ìwé ìbéèrè 9 kan wà tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ káàkiri ayé. Ní ọdún 2006, Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe dán an wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, wọ́n sì rí i pé ó wúlò fún àwọn ènìyàn wa pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sọ ọ́ ní tààrà pé ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tí wọn yóò sọ ni pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lára, pé àyà ń já, pé oorun kò kun ojú. Ẹbí tí ó bá ń dúró kí aláìsàn sunkún kí wọ́n tó gbà pé nǹkan ń ṣe é lè dúró pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú kan wà nínú ìwádìí. Ní ọdún 2013, Alex Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí àwọn tí ó ti tó ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ní jẹjẹrẹ. Nínú 100, bíi 12 ni ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nígbà tí ó jẹ́ bíi 10 láàárín àwọn tí ara wọn le. Ìyẹn ni pé bí ọdún ti ń lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn a máa fúyẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ohun tí kì í tètè lọ ni ẹ̀rù: bíi 18 nínú 100 ni àníyàn ń dà láàmú, nígbà tí ó jẹ́ bíi 14 láàárín àwọn tí ara wọn le. Ẹ̀yìn fífọ́ tí kò tó nǹkan a di ìdágìrì, ọjọ́ àyẹ̀wò a di ọjọ́ tí oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ̀rù pé àrùn náà yóò padà kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, ó tọ́ kí ó máa wo ilẹ̀ bí ó bá ń rìn.

Ara ṣáájú

Kí á tó sọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ayé fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ara rẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oògùn kẹ́mò lè mú kí ènìyàn máa sùn káàkiri bí ẹni tí ayé ti sú. Ẹni tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú ọrùn rẹ̀ lè ní àìtó omi-ara tí ẹṣẹ́ ọrùn ń pèsè, èyí tí ó jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bí ìbejì. Oògùn tí ń dín agbára omi-ara ọkùnrin kù, tí wọ́n ń fún àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ prostate, lè mú kí ọkàn wúwo, kí ooru máa mú ènìyàn lójijì, kí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ sì lọ. Ọ̀pọ̀ bàbá ni kò mọ̀ pé oògùn ni ó fà á. Wọ́n rò pé àwọn ti di ẹni ìtanù. Ìrora tí a kò tọ́jú náà wà níbẹ̀. Kò sí bí ọkàn yóò ṣe fúyẹ́ nígbà tí egungun ń ro ènìyàn ní gbogbo òru.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì níhìn-ín. Oògùn tí ń gbé ọkàn sókè wà, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ rà á fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ kẹ́míìsì. Àwọn kan nínú wọn, bíi paroxetine àti fluoxetine, lè dènà iṣẹ́ tamoxifen, oògùn tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí jẹjẹrẹ ọyàn má baà padà. Òmíràn wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà tí ó bá rí gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò, títí kan àgbo, ni ó lè yàn án.

Ìrìn rírìn náà jẹ́ oògùn. Ní ọdún 2019, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí wọ́n pé jọ lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ti Amẹ́ríkà sọ pé eré ìdárayá níwọ̀nba, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ń dín àárẹ̀, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kù lára àwọn tí jẹjẹrẹ ti ṣe. Kò dìgbà tí a bá sanwó níbì kan. Ẹni tí ó bá rìn lọ sí ọjà ní ìrọ̀lẹ́ kí ó sì rìn padà ti ń ṣe é, bí dókítà rẹ̀ bá ti gbà á láyè.

Ìfetísílẹ̀ tẹ̀lé e

Nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ ńlá nípa ìtọ́jú ọkàn ti wáyé. Ní ọdún 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà, ó ṣètò kí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìbátan kan sì bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Bí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n a máa bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́, wọ́n a sì máa bá wọn ṣeré. Ọ̀mọ̀wé Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ó kú ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi hàn kò kú: ọkàn tí ó ṣàìsàn a máa tètè sàn láàárín àwọn tí ó mọ orúkọ rẹ̀.

Irú ẹ̀rí kan náà wá láti ilẹ̀ Zimbabwe. Ní ọdún 2006, oníṣègùn ọpọlọ kan tí ń jẹ́ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ní ìlú Harare bí a ti ń jókòó ti ẹni tí ìrònú bá pọ̀ lápọ̀jù fún, lórí bẹ́ǹṣì lásán ní àgbàlá ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà a béèrè, a gbọ́, a sì ran ẹni náà lọ́wọ́ láti mú ìṣòro kan ṣoṣo kí ó wá ojútùú sí i. Àbájáde ìwádìí wọn lórí ènìyàn 573 jáde ní ọdún 2016. Lẹ́yìn oṣù 6, àwọn tí àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣì wà lára wọn nínú àwọn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà jẹ́ bíi 14 nínú 100, nígbà tí ó jẹ́ bíi 50 nínú 100 láàárín àwọn tí ó gba ìtọ́jú bí ó ti máa ń rí tẹ́lẹ̀. Ìjọ wo ní Rẹ́mọ ni kò ní ìyá àgbà? Ìjọ wo ni kò ní bẹ́ǹṣì?

Àmọ́ ìfetísílẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ 7 tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni nǹkan bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí á yé sọ fún ẹni tí ó yè pé, “Màmá, ẹ má ronú, ẹ ṣáà máa dúpẹ́.” Ó ti ń dúpẹ́, ọpẹ́ àti omijé lè wà lójú kan náà. Ẹ má ṣe bi í ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ìtàn ẹni tí tirẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún 3. Ẹ má sì ṣe wo àyà rẹ̀ láti mọ èwo ni wọ́n gé. Èyí tí ó sàn jù ni kí ẹ béèrè pé, “Báwo ni òru ṣe rí?” kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ọkọ tàbí aya náà nílò ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ń ṣètọ́jú ni a máa ń gbàgbé.

Iṣẹ́ tí ó ní ìtumọ̀

Viktor Frankl jẹ́ dókítà oníṣègùn ọpọlọ, ọmọ Júù ni, ìlú Vienna ni wọ́n sì bí i sí ní ọdún 1905. Láàárín ọdún 1942 sí 1945, ìjọba Hitler gbé e láti àgọ́ ìfìyàjẹni kan dé òmíràn. Bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti aya rẹ̀ kò padà wá sílé. Ní ọdún 1946, ó tẹ ìwé kan jáde nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lójú tirẹ̀, ohun tí ènìyàn nílò jù ni ìdí tí ó fi wà láàyè, ọ̀nà 3 sì ni ó wà láti rí i: ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ayé, ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ayé bí ìfẹ́ àti ẹwà, àti ìhà tí ó kọ sí ìyà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York, William Breitbart sọ ẹ̀kọ́ Frankl di ìtọ́jú fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti wọ ara. Wọ́n ń pàdé lẹ́ẹ̀mẹjọ ní ẹgbẹ́ kéékèèké. Ìwádìí wọn lórí ènìyàn 253, tí ó jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìnírètí wọn dín kù ju ti àwọn tí ó wà ní ẹgbẹ́ ìtùnú lásán lọ. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands tún un ṣe fún àwọn tí ó ti gba ìtọ́jú tán, wọ́n sì dán an wò lára ènìyàn 170. Àbájáde rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2017, fi hàn pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí ìtumọ̀ nínú ayé wọn.

Nítòsí wa, ẹ jẹ́ kí á wo Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu. Ní ọdún 1997 ni ó gbọ́ pé òun ní jẹjẹrẹ ọyàn, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ibojì láìsọ ọ́ síta. Kò fi pamọ́. Ní Ìbàdàn ni ó ti dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ń la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀ nípa jẹjẹrẹ ọyàn, tí ó sì ń kó àwọn tí ó yè jọ pọ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2017, ó di ìyàwó gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìgbésí ayé rẹ̀ kò wá di òdòdó láti ìgbà náà: ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, jẹjẹrẹ prostate pa ọkọ rẹ̀, Rotimi Akeredolu, lórí oyè. Ìtumọ̀ tí ènìyàn rí nínú ìyà kì í ṣe àdéhùn pé ìyà kò ní padà wá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ìyà náà kò ní lè gba gbogbo ilé.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó yè ni a pè láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì yẹ kí á fi dandan mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí. Àwọn mìíràn kò fẹ́ kí jẹjẹrẹ di orúkọ àbísọ wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Lójú tiwa, ọ̀nà 3 ti Frankl lè kéré gan-an ní Rẹ́mọ. Ohun tí a ń ṣe fún ayé lè jẹ́ kíkọ́ ọmọ-ọmọ bí a ti ń ṣe ọ̀jọ̀jọ̀ tí ó dùn, tàbí kí bàbá máa gbé ìtàn ìdílé rẹ̀ sínú ìwé. Ohun tí a ń gbà lè jẹ́ òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ní ti ọ̀nà kẹta, ó lè jẹ́ pé ẹni tí kò lè gbé igbá mọ́ gbà láti jókòó kí ó máa tajà, láìka ara rẹ̀ sí ẹni ìdajì.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà

Ní Ṣágámù, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tí ó ti wà láti ọdún 1986, ni ibi tí ó súnmọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní Ìlíṣàn, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Babcock wà níbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Àró ṣì ń tọ́jú àwọn ènìyàn. Bí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, ẹ má ṣe dúró kí dókítà béèrè. Ẹ sọ ọ́ pé oorun kò wá, pé ayé sú yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin tí a jogún láti ìgbà ìjọba amúnisìn, tí ó sì dá ẹ̀tọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí tí ó ń pín ẹrù rẹ̀, tí ó ń dágbére láìnídìí, ẹ má ṣe bú u, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní kó èrò náà sí i lórí. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti àwọn oògùn tí ó pọ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Àdúrà lè bá a lọ nínú ọkọ̀.

Apẹ̀rẹ̀ obì

A ṣèlérí pé a kò ní dárúkọ oníṣòwò obì náà, ṣùgbọ́n a lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a lọ rí dókítà. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó máa wá bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ìyá méjì nínú ìjọ gbà láti máa bá a rìn ní ìrọ̀lẹ́, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ àfi bí òun bá dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, obìnrin kan láti Ìpẹru, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé òun náà ní in, ní ẹ̀rù ń ba òun láti dá lọ gba oògùn àkọ́kọ́. Oníṣòwò obì ni ó bá a lọ. Ó sọ fún wa pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ mọ ìdí tí òun fi jí.

Kò tíì di orin. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí títí di ọ̀sán, ẹ̀rù àyẹ̀wò ṣì ń bà á. Ṣùgbọ́n ó ti da obì tí kòkòrò jẹ nù, ó ti ra òmíràn. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò. Nígbà tí a lọ kí i gbẹ̀yìn, a kò gbé kámẹ́rà dání, a kò sì bi í ní ẹ̀rí kankan. A jókòó. Kí á tó dìde, òun fúnra rẹ̀ mú obì wá, ó là á, ó sì pín in fún wa.